Bàbá Ẹdínkù Tó Ná Ìfun Ara Rẹ̀

Títí dòní, bí ènìyàn bá fẹ́ kí gbogbo ìsọ̀ oníṣu ní Ṣábẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín, kó kàn sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọ̀ọ́dúnrún." Ọ̀rọ̀ olóògbé Bàbá Dieudonné nìyẹn, oníṣòwò iṣu tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Ẹdínkù. Lọ́jọ́ tí ó sọ ọ́, kì í ṣe iṣu ló ń rà. Èsì àyẹ̀wò ìgbẹ́ ara rẹ̀ ló ń ná.

Dókítà Élisabeth, ọmọ Pobè tí ìjọba gbé wá sí ọ̀dọ̀ wa, ló mú ìwé èsì náà dání. Ó ti ṣàlàyé fún Bàbá pé nǹkan kan wà tí ìfun máa ń tú sínú ìgbẹ́ nígbà tí ó bá wú tí ó sì gbọgbẹ́. Bí ìfun bá ṣe ń bínú tó, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan náà ń pọ̀ tó.

"Bàbá, ó yẹ kó wà nísàlẹ̀ igba. Tiyín ti dé ẹgbẹ̀rún."

Bàbá ṣí fìlà, ó wo ìwé náà, ó wo dókítà, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Ẹgbẹ̀rún ti pọ̀ jù, Dókítà. Ẹ dín in kù."

"Kí n dín kí ni kù?"

"Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọ̀ọ́dúnrún."

"Bàbá, ẹ̀rọ ló kà á. Èmi kọ́ ni mo dá iye lé e."

"Ó dáa. Níbo ni ẹ̀rọ ọ̀hún wà? Ẹ mú mi lọ bá a."

Falilatou, ìyàwó rẹ̀, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fi ìborùn bo ojú. Kò yà á lẹ́nu ṣá. Ọkọ rẹ̀ kò san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè rí láyé rẹ̀, kì í sì í ṣe pé ó láhun. Adùn ọ̀rọ̀ ló ń wá. Bó bá ti di ọ̀rọ̀ ọjà, "ẹ" ló fi ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀, títí kan ọmọdé tó ń ta ẹ̀pà. Fadá ní kó gba Àdúrà Olúwa mẹ́wàá fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nígbà kan, ó ní márùn-ún, wọ́n sì fẹnu kò sí méje. Falilatou fúnra rẹ̀ sọ pé, "Nígbà tó wá fẹ́ mi, mo ní kó dúró fún ọdún kan. Oṣù mẹ́ta ló ná an sí, n ò mọ bó ṣe ṣe é di báyìí."

Àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Inú ń run ún, ó ń sáré lọ sáré bọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀jẹ̀ sì ń bá ìgbẹ́ jáde. Ó pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, ó mu àgbo títí ahọ́n rẹ̀ fi dúdú. Níkẹyìn wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Parakou, wọ́n fi rọ́bà tó ní ojú wo inú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìfun ńlá rẹ̀ ti gbọgbẹ́ káàkiri. Àìsàn tí kì í lọ pátápátá ni, wọ́n ní, àfi kí wọ́n máa ṣọ́ ọ kí wọ́n sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Dókítà Élisabeth kọ oògùn fún un nígbà tó ti Parakou dé. "Hóró kọ́mpirimé mẹ́rin lójúmọ́, Bàbá. Ẹ má fi ọjọ́ kankan fò ó." Bàbá dúpẹ́, ó lọ sílé, ó sì ń lo méjì. Kì í ṣe oríkunkun o. Ní ọjà Kaboua tó ti ń ra iṣu, bí oníṣu bá pe nǹkan ní mẹ́rin, méjì ló ní lọ́kàn, ẹni tó bá sì san mẹ́rin, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bàbá ti rí i pé ọlọ́gbọ́n obìnrin ni dókítà yìí, kò sì wá sí i lọ́kàn pé ọlọ́gbọ́n lè pe iye gidi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìfun rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ń nájà. Bàbá ń rù, ṣòkòtò rẹ̀ ń já bọ́. Lọ́jọ́ ọjà Kaboua kan, òun àti oníṣu kan ń fa ọ̀rọ̀ lórí òkìtì iṣu, inú sì mú un lójijì. Oníṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ pe iye tó wù ú ni Bàbá ní, "Mo gbà," ó ju owó sílẹ̀, ó sì sáré wọ inú igbó. Oníṣu náà wo owó ọ̀hún, kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ lọ pe ìyàwó rẹ̀," ó ní. "Bàbá Ẹdínkù ń kú lọ."

Ọjọ́ kejì ni Falilatou wọ́ ọ lọ fún àyẹ̀wò, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ̀rún ti jáde. Nígbà tí Bàbá ń wá ẹ̀rọ tí yóò bá nájà, dókítà kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Bí iye yìí kò bá wálẹ̀, Parakou ni ẹ ń padà lọ. Wọ́n máa gé ìfun ńlá kúrò, ẹ óò sì máa gbé àpò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ inú yín tí ìgbẹ́ yóò máa dà sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé e, wọ́n sì ń ṣòwò wọn lọ."

Etí Bàbá ti di kí dókítà tó dé ibi òwò. Ohun tó rí lójú ara rẹ̀ ni pé òun kò ní gun ọ̀kadà zémi lọ sí Kaboua mọ́ láyé, òun kò sì mọ ohun mìíràn tí ènìyàn ń fi ayé ṣe.

"Dókítà," ó ní, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀ nínú ìnájà, "ẹ fún mi láyè díẹ̀."

"Mo fún yín di ìgbà tí iṣu tuntun bá jáde."

Ìgbà yẹn ni Falilatou tú àpò rẹ̀, tó yọ ike oògùn tó yẹ kó ti tán tipẹ́. "Dókítà, méjì-méjì ló ń lò. Ó ní ẹ ti fi kún un tẹ́lẹ̀."

Dókítà mìíràn ì bá bínú. Élisabeth gbé bíìkì ìkọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ọkùnrin náà. Aṣọ ni ìyá tirẹ̀ ń tà ní ọjà Pobè.

"Ó dáa, Bàbá. Láti òní lọ, mẹ́jọ lójúmọ́."

Ojú Bàbá tàn. "Mẹ́jọ kẹ̀! Ṣé màlúù ni mí? Ẹ dín in kù. Méjì."

"Méje."

"Méjì àtààbọ̀."

"Mẹ́fà, ẹ má sì jẹ́ kí inú bí mi."

"Mẹ́ta, nítorí pé mo fẹ́ràn yín."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́. "Ẹ lọ wò ó lọ́dọ̀ ẹlòmíràn." Bàbá dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rọra ń dúró kí wọ́n pe òun padà, bí gbogbo oníbàárà gidi ti ń ṣe. Dókítà kò pè é. Bàbá fúnra rẹ̀ ló padà wá jókòó.

"Mẹ́rin," ó ní. "N ò lè fi ohunkóhun lé e mọ́."

"Mẹ́rin, ẹ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ti rẹ́ mi jẹ."

Bàbá jáde, ó ń sọ fún gbogbo àwọn tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé mẹ́jọ ni òun ná sí mẹ́rin. Láti ọjọ́ yẹn, kò fo ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀kan yóò tún gbìyànjú ni. Ó gbọ́ nínú rédíò pé àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń ṣe ìfun lóore wà nínú wàrà kíkan àti omi ògì, ó sì padà lọ bá dókítà. "Èmi yóò máa mu wàrà àwọn Fúlàní etí odò Okpara. Kí ẹ wá yọ oògùn kúrò."

"Bàbá, bí ẹ bá ra iṣu, wọ́n á fún yín ní ènì, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. N kì í lọ láìgba ènì."

"Ẹ ti fi iṣu sílẹ̀ rí, kí ẹ gbé ènì nìkan lọ sílé?"

Wọ́n ní ìgbà yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni borí rẹ̀ ní gbangba. "Oògùn ni ọjà," dókítà ní. "Wàrà àti omi ògì, ènì ni. Kí Màmá se wàrà náà kó tó kan, kí ẹ sì mu ún bí ó bá bá yín lára mu." Falilatou ń sè é, ó ń jẹ́ kó kan, Bàbá sì ń kí àwọn kòkòrò rẹ̀ kó tó mu ún. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wọlé, iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀."

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, wọ́n ní kó mú ìgbẹ́ wá fún àyẹ̀wò. Ara rẹ̀ ti le díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì lọ sí Kaboua, kò fẹ́ lọ rí ojú àwọn oníṣu kó tó mọ̀ bóyá òun yóò padà lọ sí Parakou. Ike tó gbé wá kún dẹ́nu, ó fi ọ̀rá wé e, ó fi okùn dì í. Ọmọbìnrin tó ń gbà á sún sẹ́yìn.

"Bàbá, bí ẹ̀wà kan ti tó ni a nílò!"

"Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ìyókù, ènì ni."

Lọ́jọ́ tí èsì dé, kò lè jókòó. Dókítà Élisabeth ṣí ìwé náà, ó kà á, ó sì tún un kà. Lẹ́yìn náà ló gbé e fún Falilatou, nítorí pé ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọgọ́rin.

Bàbá Ẹdínkù fò sókè, fìlà rẹ̀ já bọ́. "Ọ̀ọ́dúnrún ni mo fi lọ̀ yín, ẹ ò gbà! Ẹ wò ó, ọgọ́rin lẹ tà á fún mi!" Ó sáré jáde, ó ké pe zémi, ó dúnàádúrà pẹ̀lú rẹ̀ títí ojú fi pọ́n ọlọ́kadà náà, ó sì forí lé Kaboua. Oníṣu ọjọ́sí pe iye kan, Bàbá ní kó dín in kù, gbogbo ìsọ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Àìsàn náà bẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìgbà náà, dókítà fi oògùn kún oògùn, wọ́n ná ìyẹn náà, ó sì rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ kàn án. Bàbá lọ sí Kaboua fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ orí ló mú un lọ, ní ọ̀sán, lábẹ́ igi kajú ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, lẹ́yìn tó ti ọjà dé. Ìfun rẹ̀ pé.

Dókítà Élisabeth wá síbi ìsìnkú, ó ń sunkún bí ọmọ ilé. Ó fa Falilatou sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, ẹ dákun. Mẹ́jọ tí mo pè níjọ́sí, irọ́ ni. Mẹ́rin ni oògùn náà látilẹ̀wá."

Falilatou rẹ́rìn-ín, omijé wà lójú rẹ̀. "Ó mọ̀. A ò tíì kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín tó fi sọ fún mi. Ó ní, 'Mẹ́rin ló fẹ́. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe kọ́ ọjà nítorí kí n má bàa kú. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi ba ọjà rẹ̀ jẹ́?' Gbogbo ọdún tó lò lẹ́yìn ìyẹn, ènì ló ń pè é."

A sábà máa ń rí dókítà ní ọjà Ṣábẹ̀ẹ́, iye tí wọ́n bá pè ló ń san, kò ráyè ọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé ìsìnkú, ó dúró níwájú òkìtì iṣu, ìyá tó ń tà á pe iye. Dókítà fa àpótí kan sún mọ́ ọn, ó jókòó.

"Ó ti pọ̀ jù," ó ní. "Ẹ dín in kù."

Àwọn oníṣu gbogbo gbójú sókè. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ kan dé èkejì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Ìyá náà dín in kù. Nígbà tó di iṣu dókítà tán, ó yan èyí tó tóbi jù nínú òkìtì rẹ̀, ó gbé e lé ìdì náà lórí.

"Ti Bàbá nìyẹn," ó ní. "Ènì ni."