Ìyá Ọkọ Mi àti Ìwọ̀n Ọmọ

Mo rántí ìgbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun ní Issaba, tí àkọ́bí mi ti lé lọ́mọ ọdún kan, tí apá rẹ̀ sì tín-ín-rín bí pákò. Ìyá ọkọ mi ń ta gààrí lọ́jà Sakété, ojú sì ń tì wọ́n gidigidi pé àwọn tí wọ́n ń bọ́ gbogbo ọjà, ọmọ ọmọ wọn ló wá rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ pé dókítà obìnrin kan ń bọ̀ wá gbé àwọn ọmọ wa sórí ìwọ̀n, ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, gbé ọmọ yẹn fún mi. Ìwọ̀n kò lè dójú tì mí. Ìwọ̀n ni iṣẹ́ mi."

Wọ́n gbé e wọ yàrá. Nígbà tí wọ́n jáde, n kò mọ ọmọ mi mọ́. Ẹ̀wù mẹ́ta ló wọ̀ léra, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù, fìlà onírun àti ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ̀, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí àpò gààrí. Inú èmi òmùgọ̀ dùn. Mo ní ó jọ ọmọ olówó.

Nígbà tí a gbé e dé ibi ìwọ̀n, dókítà wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ láṣọ bí ẹni ń bó àgbàdo. Àwọn ìyá ń rẹ́rìn-ín, arúgbó kan sì ké pé, "Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá o!" Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀wù ìkẹyìn kúrò, ẹ̀rín dá. Gbogbo egungun ìhà rẹ̀ ló hàn. Èmi tí mo ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ọjọ́ náà ni mo tó rí i.

"Kí ló ń jẹ?" dókítà bi mí.

"Ẹ̀kọ ni."

"Kí lẹ ń fi sí i?"

"Omi."

Ó ní ṣé a kò ládìyẹ ni? Ìyá ọkọ mi dáhùn pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á jalè, baálé ilé, ọkọ àwọn, ló ń jẹ ẹ́.

"Màmá, ṣé baálé yín wá ń jalè ni?"

Ìyá ọkọ mi mí kanlẹ̀. "Ilé bàbá mi ni wọ́n ti jí èmi gan-an gbé."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú dókítà. Lẹ́yìn náà ló sọ fún wa, láìrẹ́rìn-ín mọ́, pé bí a bá tún fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a lè pàdánù rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ fún ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ní Pobè. Nílé, ìyá ọkọ mi ń gún ẹja gbígbẹ àti ẹ̀pà sínú ẹ̀kọ rẹ̀, wọ́n sì ń kó ẹyin kí baálé tó jí. Baálé ń kùn pé, "Ṣé èmi kò lẹ́nu ni?" Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ń tu gbogbo rẹ̀ sí wa lára. Nígbà tí ìgbà òjò fi parí, ó ti ń lé adìyẹ kiri.

Lónìí, ìyá ọkọ mi ti lọ sinmi lọ́run. Ọmọ náà sì ti ga jù mí lọ. Bó bá ti ilé-ìwé dé lọ́sàn-án, kò ní tíì kí mi tán tí n ó fi gbọ́ ìró ìdérí ìkòkò. Mo máa ń pariwo láti àgbàlá pé, "Ṣé ìwọ nìkan ló wà nílé yìí ni?" Mo máa ń pariwo gan-an. Ṣùgbọ́n n kì í dìde.