Cobbler Tí Màmá Mi Gba Ẹ̀bi Rẹ̀

Òórùn cinnamon àti ápù gbígbóná ló máa ń jí wa ní Sátidé tí ẹbí bá fẹ́ pé jọ sílé wa ní Austell, lókè òkun níbí. Nọ́ọ̀sì ni Màmá mi. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan apple cobbler, ìyẹn ápù dídùn tí wọ́n fi fúláwà pípò bò lórí. Wọn kì í díwọ̀n nǹkan kan. Ojú ni wọ́n fi ń mọ ṣúgà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ bọ́tà.

Sátidé kan, Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, fẹ́ padà sí Nàìjíríà lọ́jọ́ kejì. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Grayson, tí à ń pè ní Aunty Grayson, ni wọ́n dé sí, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé cobbler ìyàwó àwọn ni àwọn fẹ́ jẹ kẹ́yìn. Àfi bí ilé ìwòsàn ṣe pe Màmá mi sí shift láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá mi wakọ̀ lọ gbé àwọn àlejò. Ó wá ku èmi nìkan nílé, ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ti gbọ́n tán lójú ara ẹ̀. Mo ní màá ṣe é fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé Yorùbá níbí, ẹ ṣáà mọ̀ pé ike ice cream kì í ní ice cream nínú. Mo ṣí ọ̀kan, mo rí nǹkan funfun lẹ́búlẹ́bú, mo ní fúláwà ni. Poundo ni, èyí tí a fi ń ro iyán. Mo pò ó mọ́ bọ́tà àti mílíìkì, mo fi bo ápù lórí, mo tì í sínú oven.

Àwọn àlejò rò pé Màmá mi ló yan cobbler náà sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ wọlé nígbà tí Aunty Grayson bu ti Màmá àgbà. Ó le lókè, ó ń fà nísàlẹ̀. Màmá àgbà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rọra gbé ṣíbí kalẹ̀. Aunty Grayson ò lè pa á mọ́ra.

"Ìyàwó, ṣé nǹkan tó o máa fún ìyá ọkọ ẹ jẹ kẹ́yìn nìyí? Ṣé wọ́n ti sú ẹ ni?"

Màmá mi tọ́ ọ wò, wọ́n sì mọ ẹni tó ṣe é. Wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Èmi ni mo ṣàṣìṣe."

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Ẹ̀rù bà mí. Màmá àgbà lọ lọ́jọ́ kejì, a ò sì fojú kàn wọ́n mọ́ títí wọ́n fi kú. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé wọ́n lọ pẹ̀lú èrò pé ìyàwó ọmọ àwọn ò ka àwọn sí. Màmá mi máa ń sọ pé, "Bí a bá fi ọ̀tún na ọmọ, à á fi òsì fà á mọ́ra." Lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò lo ọ̀tún rárá.

Ní ọdún Thanksgiving tó kọjá, ilé mi ni gbogbo ẹbí wá. Ọmọ mi obìnrin ló ṣe cobbler, ó sì jóná. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, mo ti ní, "Kì í ṣe èmi o, ọmọ yìí ló ṣe é." Ọmọ náà tẹrí ba. Màmá mi jókòó níbẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo dákẹ́ kí n má baà jẹ̀bi. Mo dàgbà tán, mo tètè sọ̀rọ̀ kí n má baà jẹ̀bi. Kí ni mo wá fi dàgbà?