Ẹ̀rọ Méjì àti Ìbọn Kan

Ahọ́n mi ni mo fi ń rántí ìbọn bàbá wa. Bí mo bá ń jẹ àgbàdo sísun, ahọ́n mi a yà sí àlàfo kan lókè lápá òsì, níbi tí eyín ti wà tẹ́lẹ̀ rí, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á sì padà wá: èéfín ẹ̀tù, yangí pupa, ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn bí irin lẹ́nu mi. Ohun tó mú mi sọ ọ́ lónìí ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń yìnbọn dánra wò ní ìhà Daagbé. Wọn kì í jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n á wá jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Ifangni, wọ́n á ní kí n bá àwọn dájọ́: bí èèyàn bá fẹ́ yìnbọn lu ohun tó jìnnà réré, ṣé kó wá ẹ̀rọ kékeré tí kò níṣẹ́ méjì ju kó ṣírò ọ̀nà ọta lọ ni, àbí ètò tí wọ́n ń gbà sórí fóònù ti tó? Èmi a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé eyín ni mo fi san owó ẹ̀kọ́ náà.

Ilé oníjà ni wọ́n bí mi sí, ní abúlé kan lẹ́bàá Lagbé, nítòsí bọ́dà Nàìjíríà. Bàbá wa ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó rí, ibẹ̀ ló sì ti ní ìbọn gígùn kan tó ní awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn lórí, pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó di olórí àwọn ọdẹ. Lọ́dọọdún, bí a bá ti kórè àgbàdo tán, àwọn ọdẹ a gbé ìdérí ìkòkò irin ńlá kan kọ́ sórí ògiri kòtò yangí tó wà lọ́nà Daagbé. Wọ́n á wá dúró lọ́nà jíjìn ní òdìkejì, ẹni tó bá sì mú ìdérí náà dún ló ń ṣe olórí wọn. Bàbá ò lo ẹ̀rọ kankan. Á wo imọ̀ ọ̀pẹ, á wo ibi tí eruku ń lọ, á fa ìbọn, ìdérí á sì dún gbọ̀ọ́n bí agogo iléèwé. Bó bá délé, ọwọ́ kan náà ló fi ń lu àwa ọmọ rẹ̀.

Àwọn ìyàwó rẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Ìyáálé, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ti fi ọmọ odó gbá ìyá mi léjìká rí. Ìyá mi náà gé e jẹ lápá, àpá eyín ọ̀hún wà níbẹ̀ dòní. Ọmọ Ìyá Àgbà ni ẹ̀gbọ́n mi tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ó ṣẹ́ mi lápá nítorí rọ́bà tí a fi ń ta ẹyẹ, mo sì fi òkò la orí rẹ̀ kí apá náà tó san. Àwọn àgbà abúlé a máa wí pé ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Orúkọ tiwa ti kọjá bọ́dà lọ sí Nàìjíríà kí n tó mọ̀wé kà.

Bàbá kú ní ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ sójà ní òkè àríwá. A ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, a sì jókòó láti pín ogún. A pín ilẹ̀, a pín ọ̀pẹ, a pín yàrá, kò sí ẹni tó gbóhùn sókè. Nígbà tí wọ́n gbé ìbọn jáde sórí ẹní, ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí i, èmi náà na ọwọ́ sí i. Kí Lèmọ́mù tó parí gbólóhùn tó ń sọ, ẹ̀gbọ́n ti gbá orí mi mọ́ ògiri, mo sì ti ki eyín bọ etí rẹ̀. Agbádá funfun tí mo wọ̀ fún àdúrà di pupa. Àgbà ọdẹ tó kù lẹ́yìn Bàbá ló ní kí wọ́n mú ìbọn náà wá sọ́dọ̀ òun. Ó ní àwọn ọdẹ ti ní àṣà tiwọn: ẹni tó bá mú ìdérí dún láti ibi tí Bàbá máa ń dúró sí, òun ló ni ìbọn, òun ló sì ni ipò Bàbá. Lèmọ́mù mi orí. Ó ní, “Ẹ ṣọ́ra o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.” A ṣe àmín, a ò gbọ́.

Ẹ lè máa rò pé ìbọn lásán ni. Lójú mi nígbà náà, ẹni tó bá gba ìbọn yẹn ni Bàbá fẹ́ràn jù. Ọmọ ìyàwó kékeré ni mí, gbogbo ayé mi ni wọ́n sì ti ń fún mi ní itan adìyẹ tó kéré jù. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ ti padà láti ibi iṣẹ́ ọba láìní ohun tó lè fi yangàn ju bàtà sójà lọ. Ó sọ ọ́ sójú mi pé bí mo bá fọwọ́ kan ìbọn náà, òun á gé ọwọ́ ọ̀hún, mo sì gbà á gbọ́.

Ohun kan tó mú bọ̀ láti òkè ni ẹ̀rọ dúdú kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. O máa sọ fún un bí àfojúsùn ṣe jìnnà tó àti bí ọta ṣe wúwo tó. Òun fúnra rẹ̀ ní abẹ̀bẹ̀ kékeré tó fi ń wọn afẹ́fẹ́, ó mọ bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tó, á wá sọ iye ìgbà tí wàá yí awò ìbọn sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò níṣẹ́ mìíràn. Kò lè kọrin, kò lè pe èèyàn. Èmi gba ètò ìṣírò tèmi sórí fóònù, lédè Faransé, mo sì ń yangàn ká ibùdó ọlọ́kadà. Mo ní, “Ẹ̀rọ tí kò lè pe ìyàwó ẹni, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe?” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo rò pé ọgbọ́n mi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, àgbà ọdẹ a gbé ìbọn wá sí kòtò yangí, a ó fi dánra wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ojú ti tì mí. Oòrùn a ràn sójú fóònù, n ò ní rí nǹkan kan. Bó bá gbóná jù, á pa ara rẹ̀. Bọ́dà sì ni àwa ń gbé: mo lè wà lábẹ́ ọ̀pẹ Bàbá kí fóònù máa kí mi káàbọ̀ sí Nàìjíríà. Lọ́jọ́ kan, ètò náà lọ mú ojú ọjọ́ ìlú kan wá láti òdìkejì, ó ní òjò ń rọ̀ lórí mi, bẹ́ẹ̀ òógùn ló ń bọ́ sí mi lójú. Ọta mi lọ ba igi kaṣú. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo fọ́ ọ létí, ó fi orí kàn mí nímú, a yí gbirigbiri nínú yangí títí wọ́n fi da omi lé wa lórí bí ajá. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́n, mo ń fi ọwọ́ ara mi tẹ ojú ọjọ́ sínú fóònù, ọta mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ìdérí. Síbẹ̀, n ò ní purọ́: ẹ̀rọ rẹ̀ sàn jù. Ohun kan ṣoṣo tó mú wa dọ́gba ni pé ẹ̀rọ méjèèjì ń béèrè bí ọta ṣe ń yára tó lẹ́nu ìbọn. Bàbá ló ń di ọta rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n fi àbá sí i, èmi náà fi àbá sí i.

Ọjọ́ ìdíje pé. Èrò wá láti Lagbé, wọ́n wá láti Daagbé, àwọn kan gun orí ọkàdà wọn kí wọ́n lè ríran. Ìyá Àgbà nìkan ni kò sí nílé; ó ti lọ ná ọjà ní òdìkejì bọ́dà láti ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀gbọ́n ló máa kọ́kọ́ yìn nítorí òun làgbà. Ó yọ fóònù tirẹ̀ lápò, ó pa á, ó nà án sókè fún èrò.

“Ẹ wò ó, pọtábù tèmi ti kú. Ẹ̀rọ yìí nìkan ni mo máa gbọ́ràn sí lẹ́nu lónìí.”

Ó dùbúlẹ̀, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó yí awò ìbọn. Ìdérí wà lọ́hùn-ún lórí ògiri kòtò. Àwọn tó ń gbẹ́ yangí ti gbẹ́ ògiri yẹn wálẹ̀ gan-an ní ọdún náà, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ti bọ́dà wá sì gba ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó rò ó.

Ni fóònù mi bá dún. Èrò hó lé mi lórí. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé Ìyá Àgbà ni. Obìnrin yẹn ò pè mí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, àfi kó pè mí lórúkọ tí kì í ṣe tèmi. Mo gé ìpè náà. Ó tún dún. Mo gbé e sétí.

“Alóò! Ṣé ìwọ nìyẹn? Pọtábù ẹ̀gbọ́n rẹ ò wọlé rárá. Wọ́n sọ fún mi lọ́jà pé òní lẹ fẹ́ yìnbọn yẹn. Mo ti gba ẹ̀yìn yangí bọ̀, mo ń rí ìdérí yín lókè orí mi báyìí. Sọ fún un kó má yìn o! Ṣé o gbọ́? Mo ń gòkè bọ̀!”

Mo kígbe. “Ẹ̀gbọ́n, má yìn! Ìyá ẹ ń bẹ lẹ́yìn ìdérí!”

“Irọ́ ni,” ó dáhùn, kò gbójú kúrò lára awò. “Ìyá mi wà ní Nàìjíríà. Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àgbà ọdẹ ní kí n fi í sílẹ̀ kó yìn, kí n dúró de ìgbà tèmi. Mo rí ìka ẹ̀gbọ́n tó ń tẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. N ò ronú. Mo fò lé e lẹ́yìn bí ẹni ń bọ́ sódò.

Ìbọn náà dún, ọta gba ojú ọ̀run lọ, Ọlọ́run ló mọ ibi tó sọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n yí padà, ó fi ìdí ìbọn gbá mi lẹ́nu. Mo gbọ́ tí eyín mi dún kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Ó gbá mi lẹ́ẹ̀kejì lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ọta mìíràn ṣì wà nínú ìbọn, mo sì mọ̀ pé bí mo bá tú u sílẹ̀, á tún yìn. Ó fi bàtà sójà rẹ̀ tẹ ọwọ́ mi, ó lù mí léjìká, ó lù mí lẹ́yìn. Àwọn èrò ò là wá. Mo ti ba ìdíje jẹ́ lójú tiwọn. “Lù ú!” ni wọ́n ń pariwo, ẹnì kan tí n kò mọ̀ dòní sì gbá mi nípàá níhà. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi débi pé n ò lè sọ pé ìyá rẹ ni. Mo kàn dì í mú.

Ìdérí dún.

Kò dún bí ìgbà tí ọta bá bà á. Ó dún jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn. Gbogbo wa gbójú sókè. Ìyá Àgbà ló dúró lórí ògiri yangí, apẹ̀rẹ̀ lórí, ó fi ọwọ́ kan di ìdérí mú kó má baà yọ̀ ṣubú. Àyà rẹ̀ gan-an ló wà níbi tí a kọjú ìbọn sí.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gba àárín èrò kọjá. Ó wo ẹnu mi. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó fọ́ ọmọ rẹ̀ létí, ó tún fọ́ etí kejì, ọkùnrin tó ti jẹ́ sójà yẹn ò gbé ọwọ́ sókè.

“Mo bá ìyá rẹ̀ jà títí, ṣé mo pa ọmọ rẹ̀?”

Ó gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdẹ kan ní obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn olórí ọdẹ. Ìyá Àgbà yíjú sí i.

“Kí lẹ wí pé àṣà yín? Ẹni tó bá mú ìdérí dún. Ta ló mú un dún?”

Àgbà ọdẹ wo ilẹ̀. Ó gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó yọ ọta inú rẹ̀, ó sì dá a padà fún un. Ìyá Àgbà di ẹnu ìbọn mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í là á mọ́ òkúta yangí. Awò fọ́, igi ìdí rẹ̀ là, irin rẹ̀ wọ́. Ó ń là á, ó ń sunkún, ó ń pe orúkọ Bàbá pẹ̀lú èébú. Nígbà tó ṣe tán, kò sí ogún kankan tó kù fún wa láti jà sí.

Ẹ̀gbọ́n ló gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn lórí ọkàdà. Ó fi mí sáàárín òun àti ọlọ́kadà, ó gbá mi mọ́ra kí n má baà jábọ́. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń sọ sí mi létí pé, “Ṣé ò ń gbọ́ mi? Àbúrò mi, ṣé ò ń gbọ́ mi?” Òun náà ń sunkún, mo ń mọ̀ ọ́n ní ọrùn mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí ní àbúrò, n ò sì ní ẹnu tí mo lè fi dá a lóhùn. Mo fi ọwọ́ tó fi bàtà tẹ̀ yẹn di orókún rẹ̀ mú.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. A ò di áńgẹ́lì. A ṣì ń pariwo mọ́ra wa nítorí ààlà oko, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ti balẹ̀. Ẹ̀rọ dúdú yẹn wà nínú àpótí rẹ̀ títí dòní. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá wá bi mí léèrè, òótọ́ ni mo ń sọ fún wọn: ẹ̀rọ tí kò níṣẹ́ méjì ló mọ afẹ́fẹ́ jù, ojú rẹ̀ ò dúdú nínú oòrùn, kò ní dààmú yín pẹ̀lú òjò ìlú mìíràn. Ẹ rà á bí ẹ bá lágbára. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ rán ẹnì kan lọ wo ẹ̀yìn àfojúsùn, kí ẹ sì jẹ́ kí fóònù ẹnì kan wà ní títàn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àgbàlagbà ti bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lánàá, bí mo ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni fóònù dún. Ìyá Àgbà ni. Kò sí àárọ̀ tí kì í pè. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun, ó ní òun ti se ẹ̀kọ fún mi, nítorí kò tíì gbà pé mo lè jẹ àgbàdo. Mo ní mo ti jẹ, ẹ ṣé, mà. Ó wá béèrè ohun tó máa ń béèrè kẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Pọtábù rẹ̀ wà ní títàn?”

Mo ní ó wà ní títàn, mà.