Ilé Tí Agatha Kó Jáde Nínú Rẹ̀

Lábísí, ọmọ Àbúdùlàhí télọ̀ ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, kì í ṣe ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Nígbà tí wọ́n so yìgì òun àti Mùnírù lẹ́yìn Iléyá ọdún 1978, ojú gbogbo ẹbí ló ti sọ̀rọ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ológun ojú omi ni Mùnírù, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ogun ló ń tún ṣe, yàrá kan náà lòun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì jọ ń sùn ní bárékè létí òkun.

Lábísí ní, "Èmi ò lè wá máa pààrọ̀ aṣọ láàárín àwọn ọkùnrin. Ọjọ́ tó o bá rí ilé, wá mú mi."

Ìyá rẹ̀, Ṣẹ̀fíátù, ní ọmọ òun sọ òótọ́. Mùnírù rẹ́rìn-ín, ó padà síbi iṣẹ́.

Kí ọyẹ́ tó tán, ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé. Ó ní wọ́n ti fún òun ní ilé àwọn tó níyàwó: yàrá méjì, ilé ìdáná tiwọn, omi ẹ̀rọ nítòsí. Wọ́n di ẹ̀rọ ìránṣọ Lábísí àti iṣu tí ìyá rẹ̀ rà lọ́jà Ùsò mọ́ ẹrù, wọ́n gbéra. Inú ìyàwó ń dùn ṣìnkìn.

Nígbà tí wọ́n dé bárékè, ilẹ̀kùn ilé náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìkòkò àti àga wà níta nínú oòrùn, ológun méjì sì dúró tì wọ́n. Obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú ń ká ẹní nínú ilé, ó ń bá ọmọbìnrin kékeré kan wí. Lábísí gbọ́ ọ: èdè Ọ̀wọ̀ ni obìnrin náà ń sọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Obìnrin náà gbójú sókè. "Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìjàgbà lèmi, ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀. Agatha lorúkọ mi. Ọkọ̀ ogun ni ọkọ mi, Ignatius, kú sí. Wọlé, mo ti gbálẹ̀ dè ọ́. Páànù orí ìdáná ń jò, ẹ wá nǹkan ṣe sí i." Ó na ọrùn wo ìta. Mùnírù kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Sọ fún ọkọ rẹ kó yé sápamọ́. Òun ló kọ́kọ́ wá bá mi sunkún nígbà tí Ignatius kú. Òun náà ló lọ sọ fún ọ̀gá wọn pé mo ti pẹ́ jù nínú ilé."

Agatha gbé ẹní, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Nígbà tí wọ́n já ẹrù tán, Lábísí bi ọkọ rẹ̀ bóyá òótọ́ ni.

"Ilé iṣẹ́ ni, kì í ṣe ilé bàbá ẹnikẹ́ni," ni Mùnírù wí. "Àbí ìwọ kọ́ lo ní o ò ní wá àfi tí mo bá rí ilé? Ibo lo rò pé màá ti rí i?"

Lábísí wọ ilé ìdáná, ó lọ dáná oúnjẹ alẹ́.

Nídìí ẹ̀rọ omi, àwọn ìyàwó ológun yòókù a máa dákẹ́ bó bá ti yọ. Ọmọ́yẹlé, aládùúgbò rẹ̀, ló là á yé e. "A ò bá ọ jà o. Ṣùgbọ́n bí a bá ti rí ọ, a máa ń rántí ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa náà lè já sí."

Nígbà tí Lábísí wá bímọ ní Ọ̀wọ̀ lọ́dún 1981, ó pọn ọmọ náà, ó wọkọ̀ lọ sí Ìjàgbà. Ó gbé iyọ̀ àti ṣúgà dání, pẹ̀lú aṣọ tó rán fún ọmọ Agatha. Ó bá Agatha níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé àwọn àna rẹ̀. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ Lábísí, ó gbé e jó díẹ̀, ó sì dá a padà.

"Ọmọ yìí dára. Kó ẹrù rẹ padà."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà nínú ilé yẹn."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Bó o bá wá kí n lè sọ pé kò burú, mi ò ní í sọ ọ́. Ó burú." Ó mú ọ̀bẹ, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Lábísí padà sí bárékè, nítorí ibẹ̀ lọkọ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n bó ti ń ránṣọ fáwọn ará ibẹ̀, ó ń fowó rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Àbúdùlàhí fún un nílẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ yàrá kan fún un.

Inú bí Mùnírù nígbà tó gbọ́. "Kí lo ń fi yàrá ṣe l'Ọ́wọ̀? Ṣé ikú mi lò ń retí ni?"

Lábísí ka owó tó tún fẹ́ fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Wọ́n kan òrùlé yàrá náà lọ́dún 1983. Mùnírù ò wọ ibẹ̀ rí, Lábísí náà ò sì bẹ̀ ẹ́.