Ewé Tí Mo Fi Dí Ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Àpáta

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í kọ nǹkan gígùn síbí. Bí mo bá ti kí yín ẹ kú àárọ̀, tí mo kí ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí, ó parí. Àmọ́ ohun tó dé bá mi lójú ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Àpáta kò ṣeé gbé mì. Inú ń bí mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Àfonífojì kan wà láàrin Ìlobùú àti Ìfọ́n, Ìsàlẹ̀ Àpáta là ń pè é. Àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì, odò tẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣàn nísàlẹ̀. Ọ̀nà oko ni látayé àwọn bàbá wa. Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn ọmọ tó ń gbé ní ẹsítéètì tuntun lọ́nà Òṣogbo ti rí ibẹ̀. Sátidé Sátidé ni wọ́n ń dé pẹ̀lú bàtà olówó ńlá àti ike omi. Wọ́n ní háíkìn ni, ìrìn ìgbádùn lásán. Wọ́n ń pe ibẹ̀ ní kányọ̀n. Kò burú. Ilẹ̀ Ọlọ́run ni.

Èmi náà ń rìn níbẹ̀. Tíṣà ni mí, dókítà ló ní kí n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyàwó mi ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bọ̀dá Rájí, ló ń bá mi rìn. Ará Ìfọ́n ni wọ́n. Wọ́n á gun ọ̀kadà wá sílé mi ní Ìlobùú láàárọ̀ Sátidé, a óò jọ gba Ìsàlẹ̀ Àpáta rìn padà sí Ìfọ́n, ìyàwó wọn á fún wa ní ògì àti àkàrà, èmi náà á sì gun ọ̀kadà padà sílé. Láti ọdún mẹ́rin tí ìyàwó mi ti lọ, wọn ò pa Sátidé kan jẹ. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tó wa bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàrin ìlú wọn àti ìlú mi, ẹ ti gbọ́ ọ. N ò ní tú u palẹ̀ níbí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé lásìkò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè kí ara wọn mọ́, Bọ̀dá Rájí ń wá sílé mi.

Orúnkún kan ń dùn wọ́n, nítorí náà èmi ni mo máa ń ṣíwájú. Ní àárín àfonífojì yẹn, ọ̀nà pín sí méjì. Ti òsì tẹ́jú, ó gba etí ọ̀gbun lọ. Ti ọ̀tún ní òkúta bí àtẹ̀gùn, ó le fún orúnkún. Méjèèjì padà pàdé létí odò. Ti òsì la máa ń gbà nítorí tiwọn.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sóko á mọ èyí tí mo fẹ́ sọ. Bí ènìyàn méjì bá jọ ń lọ, tí ọ̀kan ṣíwájú, ẹni iwájú á ṣẹ́ ẹ̀ka tútù, á fi dábùú ẹnu ọ̀nà tí kò dára. Ẹni ẹ̀yìn ò ní béèrè ohunkóhun. Ibi tí ewé bá wà, kò ní gbà á. Ó parí. Ọmọ ogún ọdún ni mo tó wọ ilé ìwé tí wọ́n kọ́ mi ní a, b, d. Kí n tó mọ ìyẹn, mo ti mọ ewé ojú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Mo fi Bọ̀dá Rájí sílẹ̀ ní ẹnu àfonífojì, wọ́n jókòó lórí òkúta, wọ́n ń fi ọwọ́ ra orúnkún. Wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn ń bọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀nà ti pín, mo rí i pé ọ̀gbàrá ti jẹ abẹ́ ọ̀nà òsì. Òkè rẹ̀ ṣì dà bí ilẹ̀ gidi, abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo! Mo ṣẹ́ ẹ̀ka ìyeyè kan tó gùn tó mi, mo fi dábùú ọ̀nà òsì. Mo gba ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó létí odò, mò ń retí wọn.

Ṣé ó yẹ kí n dúró síbi ìpín ọ̀nà? Ó yẹ. Mo mọ̀. Ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi tó.

Àwọn tí mo rí kì í ṣe Bọ̀dá Rájí. Àwọn onírìn-àjò Òṣogbo ni, bíi mẹ́jọ, gbogbo wọn wọ ṣẹ́ẹ̀tì olómi ọsàn, nọ́ńbà fóònù lídà wọn wà lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà. Ọ̀nà ọ̀tún ni wọ́n gbà dé, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Wọ́n kí mi dáadáa. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí bàbá kan tó ń tiro, tó wọ jalàbíà búlúù. Lídà wọn ní àwọn kí bàbá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tiẹ̀ ṣàdúrà fún àwọn, wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn. Mo rí ewé ìyeyè mẹ́ta tó há sí irun rẹ̀.

Mo ní, “Ọmọ mi, níbo lo ti rí ewé yìí?”

Inú rẹ̀ dùn pé mo béèrè! Ó ní, “Ẹ wá wo fídíò wa, Daddy. Ọbabìnrin kányọ̀n ni mí!” Ó na fóònù sí mi. Mo rí i tó gbé ẹ̀ka mi lórí bí adé, tó ń jó lórí òkúta ọ̀nà ọ̀tún. Mo gbọ́ ohùn lídà tó ní, “Jù ú sílẹ̀ jàre, ká máa lọ.” Mo rí i tó jù ú sẹ́yìn. Ẹ̀ka náà sì ṣubú, ó dábùú ẹnu ọ̀nà ọ̀tún, bí ẹni pé èmi gan-an ni mo tẹ́ ẹ síbẹ̀.

Ẹ bá mi rò ó. Bọ̀dá Rájí ń bọ̀. Ewé wà lọ́tùn-ún. Níbo ni wọ́n máa gbà?

N kì í sáré. Lọ́jọ́ yẹn mo sáré. Mo gun àtẹ̀gùn òkúta yẹn padà. Mo ń pè wọ́n. Ìgbà kẹta ni wọ́n dáhùn, ohùn náà wá láti ìsàlẹ̀.

Ilẹ̀ ti já. Wọ́n wà nínú ọ̀gbun, bí ìwọ̀n ìdúró ènìyàn méjì sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ti ká síbi tí ẹsẹ̀ kì í ká sí. Wọ́n di gbòǹgbò igi kan mú. Ètè wọn ń mì, wọ́n ń ṣe àdúà. Nígbà tí wọ́n rí ojú mi lókè, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ kì í ṣe ẹsẹ̀.

Wọ́n ní, “Tíṣà, ṣé ìwọ lo fi ewé sí ọ̀nà ọ̀tún?”

Mo ní rárá o, Bọ̀dá, òsì ni mo fi í sí, àwọn ọmọ kan ló gbé e. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní ó dáa.

Ó dáa! Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó mọ irú “ó dáa” yẹn.

N ò ní purọ́ mọ́ àwọn ọmọ yẹn. Wọ́n dé bá wa níbẹ̀, méjì nínú wọn lágbára, wọ́n wọnú ọ̀gbun, wọ́n gbé Bọ̀dá Rájí jáde, wọ́n sì gbé wọn dé títì. Ọkọ̀ wọn ló gbé wa dé ọsibítù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ bí àwọn yẹn ṣe ń gbé wọn, lídà ń ká fídíò. Bọ̀dá Rájí ń kérora, òun ń wá ibi tí oòrùn ti máa dára!

Eegun ẹsẹ̀ wọn ṣẹ́ ní ojú méjì. Wọ́n fi pí-ó-pì, símẹ́ńtì funfun ọsibítù, dì í.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fi fídíò hàn mí. Ó ti dé orí fóònù gbogbo ènìyàn. Lídà kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé àwọn dóòlà ẹ̀mí bàbá kan tó ṣìnà nínú kányọ̀n. Ijó wà níbẹ̀. Ọ̀gbun wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ju ẹ̀ka mi sẹ́yìn ńkọ́? Wọ́n ti gé e kúrò.

Bàbá tó ṣìnà! Ẹni tó ti ń gba ọ̀nà yẹn ru iṣu kí wọ́n tó bí bàbá lídà!

Mo pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí ó dárúkọ ewé, kí ó dá ibi tó gé padà. Ó fi ohùn rọ̀ mí. Ó ní kí Daddy má bínú, kò sí sáìnbọ́ọ̀dù níbẹ̀, ewé lásán làwọn rí. Ó ní bí a bá fẹ́, àwọn lè dá owó ṣe sáìnbọ́ọ̀dù. Mo bi í pé èdè wo ló máa kọ sí i. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì. Bọ̀dá Rájí kò ka Gẹ̀ẹ́sì rí láyé wọn. Mo gé fóònù.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mò ń lọ sí Ìfọ́n nírọ̀lẹ́. Mo rí i pé Bọ̀dá Rájí jókòó síwájú ilé, ẹsẹ̀ lórí àpótí, àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá á kígbe pé, “Bàbá Aṣìnà, ẹ kú ìsinmi!” Bọ̀dá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Ẹ máa lọ, mo ti mọ̀nà báyìí.” Ẹnikẹ́ni tó bá bi wọ́n bó ṣe ṣẹlẹ̀, ìdáhùn kan náà ni: ojú ló tan àwọn, àwọn ló ṣìnà. Mo fẹ́ ṣàlàyé ewé, wọ́n dá mi lẹ́nu dúró. Wọ́n ní, “Ó ti tán, Tíṣà. Mu omi.”

Ìyá kan wà lójúde kejì, ó ń ta kẹrosíìnì. Ó rí mi lọ́jọ́ kan, ó ní, “Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o! Gbogbo ìwé tẹ́ ẹ kà yìí, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé a kì í fi àgbàlagbà sílẹ̀ lẹ́yìn? Àbí bí ẹ ṣe ń ṣe é ní Ìlobùú nìyẹn?”

Mo kí i, mo sì kọjá lọ bá Bọ̀dá Rájí.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ọmọbìnrin yẹn pè mí. Ó ti rí nọ́ńbà mi lọ́wọ́ lídà. Ó ń sunkún. Ó ní òun ti bi ìyá òun ní Ìkìrun nípa ewé ojú ọ̀nà, ìyá òun sì fọwọ́ lé orí. Ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, odindi, bí wọ́n ṣe ká a.

Mo gbé e lọ sí Ìfọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bọ̀dá Rájí wò ó. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàwó wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Ìyá Sàídì, obìnrin jẹ́jẹ́. Ó bú sẹ́kún, ó ní, “Bàbá Sàídì, ṣé ẹ rí i báyìí? Ṣé ẹ rí i?”

Mo bi í pé kí ni. Ó ní láti alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé láti ọsibítù ni ọkọ òun ti sọ fún òun pé ọ̀nà ọ̀tún làwọn bá ewé, èmi ni mo sì ṣíwájú. Wọ́n ní Tíṣà ṣe àṣìṣe, ojú ń tì í ló fi ń dárúkọ àwọn ọmọ háíkìn. Wọ́n ní òun kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní bí Ìfọ́n bá gbọ́ pé ará Ìlobùú ló fi ewé dí ọ̀nà rere mọ́ àwọn lójú, ta ló máa gbà pé àṣìṣe ni? Kí làwọn ọ̀dọ́ máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe? Nítorí náà, ó sàn kí wọ́n pe àwọn ní aṣìnà.

Mo wo Bọ̀dá Rájí. Wọ́n ń wo ilẹ̀.

Mo ní, “Bọ̀dá, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ fi gbà pé èmi ni.”

Wọ́n ní, “Mo gbà pé o ṣe àṣìṣe. N ò gbà pé o ṣe ibi.” Wọ́n wá ní kí Ìyá Sàídì lọ pe ìyá oníkẹrosíìnì, kí ó lọ pe àwọn ọlọ́kadà náà, kí gbogbo wọn wá wo fídíò. Wọ́n wá. Fóònù ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé ewé fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìyá oníkẹrosíìnì wò ó tán, ó kúnlẹ̀ fún mi. Mo ní kí ó dìde.

Àwọn kan ní kí n jẹ́ kí inú mi rọ̀, ṣebí ẹsẹ̀ á san. Ẹsẹ̀ á san. Ẹni tó gba orúkọ aṣìnà kí ìlú méjì má baà tún gbéná wojú ara wọn, kí ni a fẹ́ fi san án fún un? Àwọn tó ka ìwé jù wá lọ ló gbé e sínú ewu yẹn, torí pé ewé lásán ni wọ́n rí!

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí o bá dé ọ̀nà tí kì í ṣe ti bàbá rẹ, ohun tí o bá bá nílẹ̀, fi í sílẹ̀. Bí kò bá yé ọ, béèrè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó lórí òkúta lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ra orúnkún, ẹ kí i, ẹ gba àdúrà rẹ̀, ẹ kọjá. Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ ò bi í. Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé kí n máa dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé wọ́n ti ba àmì tí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹnìkan jẹ́ rí? Tàbí ẹ̀yin lẹ ba ti ẹlòmíràn jẹ́ láìmọ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí, màá kà á.

Ìwọ lídà, mo mọ̀ pé wọ́n máa fi èyí hàn ọ́. Má kọ “ẹ pẹ̀lẹ́” síbí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, fídíò bàbá tó ṣìnà ṣì wà níbi tí o gbé e sí. Yọ ọ́ kúrò.