Bí Mo Ṣe Lọ Wádìí Àna ní Napoli

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Peckham yóò ní irọ́ ni mo tún ń pa. Ẹ ò jẹ̀bi. Èmi tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí gan-an, mo ṣì máa ń bi ìyàwó mi bóyá òótọ́ ni.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi kírun àsùbá, tí mo wọ́ báàgì mi gba Rye Lane kọjá lọ wọ tíréènì. Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Mọ̀rílíátù, ló rán mi níṣẹ́. Rọ́ṣídà ọmọ mi, tí a bí sí London níbí, fẹ́ fẹ́ Màríò, ọmọ Napoli kan ní Ítálì, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì. Èmi ò rí àléébù lára ọmọkùnrin náà: ó ti gba kálímà ní mọ́ṣáláṣí wa, ó sì ń tètè débẹ̀ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n Àǹtí ní àwọn ò ní jókòó síbi yìgì ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò wádìí ilé ọkọ rẹ̀.

"Lọ bi àwọn aládùúgbò wọn," ni Àǹtí wí. "Ṣé wèrè ò sí nílé wọn? Ṣé wọn kì í jalè? Má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ò ń béèrè o."

Rọ́ṣídà di ọwọ́ mi mú. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá embarrass mi níbẹ̀, I'm finished. Wọ́n máa cancel everything." Omi ti lé sójú ọmọ. Tí n kò bá lọ, ẹ̀gbọ́n mi ò ní wá síbi yìgì. Tí mo bá lọ, tí mo sì ṣe é kù díẹ̀ káàtó, kò ní sí yìgì tí ẹnikẹ́ni yóò wá.

Oòrùn Napoli ń ràn bíi ti Ìbàdàn. Yúrò márùn-ún ni mo san fún bọ́ọ̀sì láti pápá ọkọ̀ òfurufú. Òkúta dúdú ńláńlá ni wọ́n tẹ́ sí títì, wọ́n sì gbọn ìfun wa jìgìjìgì. Mo rí ọ̀kadà kan tó gbé bàbá, ìyá, ọmọ àti ajá. Ajá nìkan ló ń wo ọ̀nà.

Òkè Vomero ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá Màríò ń gbé ibẹ̀. Tíréènì tí okùn irin ń fà ló gbé wa gòkè; funicolare ni wọ́n ń pè é. Ẹ sáà rò ó bí East Dulwich tí àwọn olówó ń gbé: ìlẹ̀kùn tó ń dán, ajá tó wọ ẹ̀wù. Mo kí obìnrin kan tó ń jáde nílé tó kọjú sí ti ẹ̀gbọ́n náà, mo sì jẹ́ kí fóònù mi bá mi túmọ̀ ìbéèrè. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ rí. Mo ní ó tán. Kò sí ẹni tó lè wádìí ọ̀rọ̀ láàárín àwọn olówó.

Mo bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí àdúgbò Sanità, níbi tí ìyá ìyá Màríò, Donna Assunta, ń gbé. Ọjà East Street ti Walworth lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn, àfi pé aṣọ tí wọ́n sá ló ṣe òrùlé títì. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé yàrá kan ṣoṣo tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sójú ọ̀nà. Basso lorúkọ rẹ̀. Ẹ ó rò pé títì lẹ ń rìn, ẹ ó bá ara yín nínú pálọ̀ onílé, ẹ ó sì ní láti kí wọn kú oúnjẹ.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kọfí kan. Kọfí tí wọ́n gbé wá ò ju èyí tó lè kún ìdérí ìgò lọ. Mo rò pé ìtọ́wò ni, mo sì ń dúró de èyí tó kù. Tonino, ọ̀gá ibẹ̀, gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo rẹ ohùn sílẹ̀ bí a ti ń ṣe é nílé.

"Bọ̀dá, ìdílé Donna Assunta tó ń gbé lókè yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wèrè ò sí níbẹ̀?"

Tonino wò mí, ó nu ọwọ́, ó jáde sí títì, ó sì gbójú sókè.

"Donna Assunta! Ọkùnrin kan dé láti London! Ó ní ṣé wèrè wà nílé yín!"

Fèrèsé ń ṣí gbà, gbà, gbà. Orí ń yọ láàárín aṣọ tí wọ́n sá. Àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́rìí, Tonino sì ń túmọ̀ fún mi.

"Olè ò sí nílé wọn!"

"Ahun ni wọ́n!"

"Ìwọ! Ta ló bọ́ ọ nígbà tí ọkọ rẹ lé ọ jáde?"

"Wèrè ni ọkùnrin yìí béèrè," ni Tonino wí.

Gbogbo orí kọjú sí fèrèsé kan. Ní àjà kẹta, Donna Assunta fúnra wọn fi épúrọ̀ọ̀nù bojú. "Gennaro," ni wọ́n wí. "Àkọ́bí mi."

Tonino ṣí fìlà. Ó ṣàlàyé fún mi pé Sanità ni wọ́n bí Gennaro sí, omi ibẹ̀ ló mu dàgbà, síbẹ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ará àríwá, ọ̀tá Napoli, ló ń tì lẹ́yìn. Láti kékeré ni. Wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ fádà, wèrè náà ò lọ. Ìtìjú náà ló lé e gun òkè Vomero.

"Ṣé ó máa ń ran ọmọ?" ni mo béèrè.

"Ara Màríò mọ́," ni gbogbo fèrèsé dáhùn.

Mo pe Àǹtí. "Àǹtí, wèrè kan wà o."

"Yéè! Ṣé ó ti ń rìn hòòhò ni?"

"Rárá o. Bọ́ọ̀lù ni." Mo ṣàlàyé.

"Ìyẹn lo wá ń pè ní wèrè? Ọkọ tèmi tó ń bú rẹfirí nínú tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Bá mi kí wọn. A ti gbà."

Ayọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta dúdú fún Donna Assunta. Wọ́n rò pé ebi ló gbé mi ṣánlẹ̀. Kíá ni apẹ̀rẹ̀ kan fi okùn sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹta, panaro ni wọ́n ń pè é, ó gbé búrẹ́dì, wàràkàṣì àti omi tutù. Wọn ò fà á padà títí tí mo fi jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo àdúgbò.

Nígbà tí mo padà dé Peckham, Rọ́ṣídà dì mọ́ mi lọ́rùn. Mo sọ fún un pé ìrìn àjò ti kọ́ mi lọ́gbọ́n: níbi tí àṣírí ò bá sí, ìwádìí kì í pẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò tíì fọ ẹnu tán tí fóònù fi dún. Sùlé ni, onígbàjámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, ẹni tí mo máa ń fi orí pípá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀.

"Bọ̀dá, òyìnbó kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi o. Gennaro ló pe ara rẹ̀. Ó ní ìyá òun ló ní kí òun wá béèrè bóyá wèrè wà nínú ìdílé yín."

Mo ju búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sílẹ̀. Yìgì ọmọ mi ti wà lẹ́nu Sùlé. "Sùlé, àbúrò mi àtàtà, kí lo sọ fún un?"

"N ò tíì sọ nǹkan kan. Mo ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àga fún un ni. Mo ní kó fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yín pọ̀."