Fẹ́ àti Fẹ́ràn: Fíìmù Faransé Kan ní Ìkẹ́nnẹ́

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni a wo fíìmù náà, ní yàrá àlejò ìyá wa ní Ìkẹ́nnẹ́. Àbúrò mi obìnrin ló pè wá jọ. Olùkọ́ èdè Faransé ni, ó sì ní òun fẹ́ kí a rí irú ìfẹ́ tó máa ń gba èèyàn lọ́kàn débi pé kò ní rántí oúnjẹ. Ìyá wa ní àwọn kò tíì rí irú rẹ̀ ní Rẹ́mọ, àfi èyí tí olóṣèlú ní sí ipò.

Ká má parọ́, kì í ṣe nítorí ìmọ̀ ló ṣe pè wá. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn ti fún un níṣẹ́ tó dára ju èyí tó ń ṣe ní Ṣàgámù lọ, wọ́n sì ń retí ìdáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ìyẹn lọ́jọ́ kejì. Ohun tí kò jẹ́ kó tíì dáhùn jókòó sórí àga tó dára jù nílé wa, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó lọ́ síkáàfù mọ́ ọrùn nínú ooru.

Mi ò lè pè é ní àfẹ́sọ́nà àbúrò mi; ẹ máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ọ̀gbẹ́ni. Nígbà tó kọ́kọ́ wá sílé wa, àkọ́bí mi ṣì ń rákòrò. Ọmọ náà ti di olórí kíláàsì báyìí. Ọ̀gbẹ́ni ti gbé ní Kùtọnu fún oṣù díẹ̀ rí, láti ìgbà náà ni kò sì ti lè jẹ búrẹ́dì láìkọ́kọ́ gbé e símú. Tó bá wọlé, dípò kó kí èèyàn bí ọmọ gidi, "Bọ́ńjọ̀" ni yóò sọ, ìyá wa á sì dáhùn pé, "Àmín."

Ẹ má rò pé òun nìkan ni mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà lọ sí yunifásítì, mo sì lè sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí kan lórí fíìmù tí mi ò wò rí. Ìyá wa ńkọ́? Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, títí dòní, tí èèyàn bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ lójú wọn, ọwọ́ wọn máa ń wá ẹfun ìkọ̀wé. Ẹnì karùn-ún wa ni Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, tí wọ́n ń ṣòwò obì ní Sábó, tí wọ́n sì gbà pé kò sí ọ̀ràn láyé yìí tí èèyàn ò lè fi obì ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké ń kọjá nísàlẹ̀ fíìmù náà, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n wa ga mọ́ ara ògiri, awò ojú ìyá wa sì jẹ́ ti Bíbélì. Ọ̀gbẹ́ni ní kí a fọkàn balẹ̀, òun yóò máa túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìtàn náà kò le. Obìnrin kan tó jẹ́ dókítà eyín yọ eyín fún ọkùnrin kan, ìfẹ́ ọkùnrin náà sì kó sí i lórí. Bàbá Kékeré ní ẹni tó ti rí ìsàlẹ̀ ẹnu ọkùnrin bẹ́ẹ̀, tí kò sì sá, ìfẹ́ òtítọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ kan, bí ọkùnrin náà ṣe ń wọ bàtà láti máa lọ, ó bojú wẹ̀yìn, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan wúyẹ́wúyẹ́.

"Jẹ tẹ̀ẹ̀mù," ni Ọ̀gbẹ́ni tún sọ, ó di ojú rẹ̀. "Ó ní, 'Mo fẹ́ ọ.'"

Ìyá wa sún síwájú lórí àga. "Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀, Mà."

"Lẹ́nu ara rẹ̀?"

"Lẹ́nu ara rẹ̀, Mà."

"Ó dáa." Wọ́n fẹ̀yìn ti àga. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ku kí ẹbí pàdé ẹbí.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe dojú rú. Ọkùnrin náà kò padà wá mọ́. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sábẹ́ fèrèsé ọkùnrin náà nínú òjò. Orin fíìmù náà ń sunkún, ó fẹ́ kí a rí i pé àìsàn ọkàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé wa, kò sẹ́ni tó rí àìsàn kankan.

"Àwọn ẹbí ẹ̀ dà?" ni Bàbá Kékeré bèèrè. "Wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn máa dá nìkan dúró nínú òjò lórí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin fẹnu ara ẹ̀ sọ?"

"Ní Faransé, sà, ẹbí kì í dá sí i."

"Ta ló wá ń gba obì?"

"Wọn kì í gba obì, sà."

Bàbá Kékeré wò ó bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé ọjà Sábó ti jóná.

Obìnrin náà pe ọkùnrin yìí lórí fóònù, kò sì sọ̀rọ̀. Bàbá Kékeré ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Obìnrin náà lọ ra ilé tó kọjú sí ti ọkùnrin náà, ìyá wa sì pàtẹ́wọ́. "Ó gbọ́n! Ká wá wo ibi tó máa gbà jáde!" Ó fọ́ gbogbo àwo tó wà nílé rẹ̀. "Àwo ara ẹ̀ ni," ni ìyá wa wí.

Ọ̀gbẹ́ni kò lè mú un mọ́ra. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, kò yé yín. Àìsàn ló ń ṣe obìnrin yẹn. Ìfẹ́ ẹ̀ ti kọjá ààlà. Ọkùnrin yẹn ò ṣèlérí kankan fún un."

"Ṣebí ìwọ lo sọ fún wa pé ó ní òun fẹ́ ẹ?"

"Kì í ṣe irú fẹ́ bẹ́ẹ̀, Mà. Fẹ́ràn ló ní lọ́kàn. 'Mo fẹ́ràn rẹ.'"

"Fẹ́ràn." Ìyá wa pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó bá òkúta nínú ìrẹsì. "Mo fẹ́ràn ẹja díndín. Mo fẹ́ràn àga tí mo jókòó lé yìí. Ṣé o rí òrùka ìkankan nínú wọn lọ́wọ́ mi?"

"Ní èdè Faransé, Mà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èyí tí wọ́n ń sọ fún obìnrin ni wọ́n ń sọ fún wàràkàṣì." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí èyí. Ó dùn mọ́ ọn nínú.

Ìgbà náà ni àbúrò mi mú rìmóòtù, ó sì dá fíìmù náà dúró. Obìnrin inú rẹ̀ ya ẹnu sílẹ̀ lórí ògiri.

"Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́," ó sọ fún Ọ̀gbẹ́ni, "Faransé lo fi ń sọ ọ́ fún mi. Èwo nínú méjèèjì lò ń sọ?"

"Níwájú gbogbo èèyàn?"

"Níwájú gbogbo èèyàn lo ti túmọ̀ ti onítọ̀hún."

"Ṣé gírámà la fẹ́ fi ba ìfẹ́ jẹ́ ni?"

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Sọ ọ́ ní Yorùbá."

Ọ̀gbẹ́ni wojú mi, bí ọ̀mọ̀wé ṣe ń wojú ọ̀mọ̀wé. Mo wo àjà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́ púpọ̀.

"Kò ní ẹ̀gbẹ́ púpọ̀," ni Bàbá Kékeré wí. "Gbànja ni. Awẹ́ méjì péré ló ní. Mú ọ̀kan."

Kò mú ìkankan. Ó ní ẹ jẹ́ ká wo fíìmù náà tán ná, nítorí ìparí rẹ̀ ló ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. A wò ó tán. Dókítà eyín náà jí láàárọ̀, ó fa kọ́tínì fèrèsé rẹ̀ pa, ó lọ sí ibi iṣẹ́, ó sì ní kí aláìsàn kan la ẹnu. Orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá.

"Ẹ ò rí i!" ni Ọ̀gbẹ́ni wí, inú rẹ̀ dùn. "Wọ́n ṣí ìparí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn."

"Ìparí tí a bá ṣí sílẹ̀," ni ìyá wa wí, wọ́n ń dìde, "eku ló ń gba ibẹ̀ wọlé."

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo ka èrò àwọn òǹwòran lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ní fíìmù náà fi hàn pé ìfẹ́ jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí ẹlẹ́wọ̀n fúnra rẹ̀ mọ. Ẹlòmíràn ní àwo tó fọ́ dúró fún ìran ènìyàn. Mo wá a títí, mi ò rí ẹnì kan tó bèèrè ohun tí ọkùnrin yẹn ní lọ́kàn lọ́jọ́ tó ń wọ bàtà. Ká sọ pé ẹnì kan bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, fíìmù náà ì bá ti parí kí iyọ̀ ọbẹ̀ wa tó yọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, àbúrò mi dá Ìbàdàn lóhùn. Nígbà tó tó àsìkò, mo sìn ín lọ sí ibùdókọ̀ ní Ṣàgámù pẹ̀lú àpótí rẹ̀. A ń dúró kí ọkọ̀ kún nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ariwo pọ̀ níbẹ̀, ó ní láti jẹ́ kí ohùn fóònù náà jáde síta kó tó lè gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe gbọ́. Ọ̀gbẹ́ni ni. Ohùn rẹ̀ wúwo, bíi pé òjò ń pa á.

"Jẹ tẹ̀ẹ̀mù," ó wí.

Mo rò pé àbúrò mi ń retí bóyá Ọ̀gbẹ́ni yóò túmọ̀ rẹ̀. Kò túmọ̀ rẹ̀.

"Ẹ ṣé o, sà," ó dá a lóhùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, mi ò gbọ́ kó fi 'ẹ' bá a sọ̀rọ̀ rí. "Èmi náà fẹ́ràn yín."

Awakọ̀ ní ó ku ẹnì kan kí ọkọ̀ Ìbàdàn kún. Àbúrò mi gba àpótí lọ́wọ́ mi, ó sì wọ ọkọ̀.